Àtìlẹ́yìn Windows 10 ti dópin: báwo ni a ṣe lè dáàbò bo kọ̀ǹpútà ilé, ṣé ká sì kúkú bọ́ sórí Linux?

Tísà Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò nínú ilé, HP tòkunbọ̀ tí a rà ní Ìkẹjà. Intel Core i5 ìran karùn-ún ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, háàdì dísìkì rẹ̀ jẹ́ 500GB, irú ti àtijọ́ tó máa ń yí, Windows 10 ló sì wà lórí rẹ̀. Èmi ń fi tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá fún ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyàwó mi ń fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB.

Ohun méjì ló kó ìdààmú bá mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ń sọ fún wa ní gbogbo ìgbà pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àti pé kọ̀ǹpútà wa kò lè gba Windows 11. Lẹ́ẹ̀kejì, mo mú fúláàṣì lọ tẹ ìwé jáde ní ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún ará ìlú. Nígbà tí mo padà délé tí mo ki fúláàṣì náà bọ ẹ̀rọ, gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tù, kálukú wọn ló ní àmì ọfà kékeré ní igun, ìwọ̀n wọn kò sì ju kílóbáìtì kan tàbí méjì lọ. Ìbéèrè ìdánwò sáà yìí wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ní òun á fi Windows 11 sí i, òun á sì fi ètò kan tí kò ní jẹ́ kí a sanwó fún Microsoft mú un ṣiṣẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Èkó ní kí n pa Windows tì, kí n bọ́ sórí Linux, ètò mìíràn tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows. Ìyàwó mi ń wọ àkáǹtì báńkì rẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe, ọ̀nà wo ni ẹ sì rò pé ó dára jù fún ilé bíi tiwa?

Ẹńjiníà Ìkẹjà

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá tísà. Ẹ jẹ́ ká ti orí fúláàṣì bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló jẹ́ kánjúkánjú. Ẹ má ṣe tẹ ìkankan nínú àwọn ṣọ́tíkọ́ọ̀tù yẹn mọ́. Fáìlì yín kò sọnù; fáírọ́ọ̀sì náà fi wọ́n pamọ́ ni, ó wá gbé ṣọ́tíkọ́ọ̀tù tó jọ wọ́n síwájú yín. Bí ẹ bá tẹ ọ̀kan, yóò kọ́kọ́ jí fáírọ́ọ̀sì dìde, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣí fáìlì yín gan-an kí ẹ má baà fura.

Ohun tí a máa ń ṣe nìyí. Ẹ yọ fúláàṣì náà, ẹ lọ sínú Windows Security, ẹ jẹ́ kí Microsoft Defender, ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá, yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò, kí ẹ sì tún yan èyí tí wọ́n pè ní Offline scan. Èyí yóò pa ẹ̀rọ, yóò sì tún un tàn kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ nígbà tí Windows bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó bá parí, ẹ ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ wo lẹ́tà tí Windows fún un. Bí ó bá jẹ́ E, ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí ẹ sì tẹ èyí:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Fáìlì yín yóò jáde. Nínú View tó wà lókè ibi tí ẹ ti ń wo fáìlì, ẹ fi àmì sí File name extensions kí ẹ lè rí ìparí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ìwé àti àwòrán nìkan ni kí ẹ kó síbòmíràn, ìyẹn àwọn tó parí sí .docx, .xlsx, .pdf tàbí .jpg. Èyí tó bá parí sí .lnk, .vbs, .js tàbí .exe, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́máàtì fúláàṣì náà pátápátá.

Ní ti Windows 11, òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yín kò kúnjú òṣùwọ̀n tí Microsoft gbé kalẹ̀. TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń béèrè, wọn kò sì gba Intel tó bá kéré sí ìran kẹjọ, àfi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a fi ń fi sí i láìka ìyẹn sí, a sì ń ṣe é fún àwọn oníbàárà, ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni ètò tí ẹni yẹn fẹ́ fi mú un ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ pa Defender, ẹ ó sì fún un ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ. Ní òpin ọdún 2021, àwọn olùwádìí ààbò ṣàlàyé bí àwọn kan ṣe fi Cryptbot, tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà tí èèyàn fi pamọ́ sínú búráúsà, sínú ẹ̀dà KMSPico, ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pín kiri. Ẹ má gbà fún un.

Àdùkẹ́ Peckham

Ẹ̀gbọ́n Ẹńjiníà, mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa fúláàṣì àti nípa ètò ayédèrú yẹn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ fífi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe, ìyẹn update tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ó lè máa rí i gbà lónìí, kí ó má rí i gbà mọ́ ní ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí àtúnṣe gan-an ni ọ̀gá tísà ṣe ń wá ọ̀nà mìíràn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, RAM 4GB àti dísìkì tó ń yí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbádùn Windows 11 rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àtúnṣe fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń pa á nítorí dátà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tó dí ihò kan nínú ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò yẹn wọlé. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Láti ara ẹ̀rọ kan ló ti ń fò mọ́ òmíràn, ó ń ti fáìlì pa, ó sì ń béèrè owó Bitcoin kí ó tó ṣí i. Ó dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Níbí ní Ìlú Ọba, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba ní England ló fara gbá a, wọ́n sì fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpàdé àwọn aláìsàn pẹ̀lú dókítà. Ẹ̀rọ tó ti gba àtúnṣe oṣù Kẹta, WannaCry kò rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Oṣù méjì péré ló wà láàárín.

Ní ti Windows 10 tí ẹ ní lọ́wọ́, ọ̀nà kan ṣì wà tí ẹ fi lè máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. ESU ni wọ́n ń pè é. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà 22H2 ló wà lórí ẹ̀rọ yín, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings, sí Update & Security, sí Windows Update, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Enroll now sí. 30 dọ́là ni wọ́n ń gbà, tàbí 1,000 àmì Microsoft Rewards, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tí ẹ sì gbà kí ó tọ́jú ìṣètò ẹ̀rọ yín sórí OneDrive, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣe èyí lónìí, kí ẹ tó pinnu ohunkóhun nípa Linux.

Ọmọ Ìlọrin

Kí ni gbogbo àlàyé yìí fún? Linux kò ní fáírọ́ọ̀sì. Ẹ fi sí i, kí ọkàn yín balẹ̀.

Alákọ̀wé Ifẹ̀

Ọ̀gá mi tísà, ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀. Linux Mint ni mo ń lò nílé àti níbi iṣẹ́, orí ẹ̀rọ tó sì jọ tiyín gan-an ni mo ti ń lò ó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè fojú ara yín wò ó.

Linux kì í ṣe ọjà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, láti ìgbà náà sì ni àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ní. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa gbé jáde ní ọdún 2004, ni ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ Linux Mint lé lórí. Mint ni mo máa ń dá lábàá fún ẹni tó ń ti Windows bọ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí i: ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún, fódà sì ń ṣí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Fún RAM 4GB, ẹ̀dà Xfce ni kí ẹ mú, nítorí òun ló fúyẹ́ jù. Mint 22 yóò máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọdún 2029, kọ́bọ̀ kò sì ní jáde lápò yín.

Ohun tó jẹ́ kí ó láàbò fún ilé, lójú tèmi, ni ọ̀nà tí ètò tuntun ń gbà wọ inú rẹ̀. Lórí Windows, bí ọmọ yín bá nílò ètò kan, orí Google ni yóò ti wá a, yóò tẹ èyí tó kọ́kọ́ rí, kò sì sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó ti kọjá. Lórí Mint, Software Manager wà. Ibẹ̀ ni ẹ ti ń mú ohun tí ẹ bá fẹ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i lọ́nà tí ẹ̀rọ fi lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti yí nǹkan padà nínú rẹ̀, ibẹ̀ kan náà sì ni àtúnṣe gbogbo wọn ti ń wá, láti orí búráúsà dé orí ètò ìkọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó tó lè ṣe é. Fáírọ́ọ̀sì ṣọ́tíkọ́ọ̀tù tó bá yín jà, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá ki fúláàṣì yẹn bọ Mint, ẹ ó rí àwọn fáìlì yín àti àwọn .lnk náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó sì kàn pa àwọn tí ẹ kò fẹ́ rẹ́.

Ẹ lè dán an wò láìfọwọ́ kan Windows yín. Ẹ wá fúláàṣì mìíràn tó jẹ́ 8GB, ẹ gba fáìlì ISO Mint, ìyẹn gbogbo Mint tí wọ́n dì sínú fáìlì kan ṣoṣo, láti orí linuxmint.com (ó tó nǹkan bí 3GB, nítorí náà ẹ ṣe é nígbà tí dátà bá wà), kí ẹ sì fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Rufus gbé e sórí fúláàṣì náà. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Lórí HP, ẹ tẹ Esc, lẹ́yìn náà F9, kí ẹ sì yan fúláàṣì. Mint yóò ṣí láti inú fúláàṣì. Ẹ yẹ Wi-Fi wò, ẹ tẹ orin kan kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde, ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, kí ẹ sì ṣí ọ̀kan nínú ìwé Word yín àti ìwé ọjà ìyàwó yín. Bí Wi-Fi kò bá ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà Wi-Fi tí ilé iṣẹ́ Broadcom ṣe ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi okùn USB so fóònù yín mọ́ ẹ̀rọ kí ẹ rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, kí ẹ wá ṣí Driver Manager, yóò sì bá yín wá ohun tó kù.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìbéèrè ìdánwò Yorùbá ni ẹ ń tẹ̀, ẹ wọ ibi ìṣètò Keyboard, ẹ wá Nàìjíríà, ẹ ó rí Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà alámì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn wà níbẹ̀, ẹ kò nílò láti máa dà wọ́n kọ láti ibòmíràn.

Onítẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kí gbogbo yín. Ìka tó bá tọ́ sí imú ni a fi ń romú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ilé yìí ń ṣe kí a tó kó wọn kúrò lórí Windows.

CorelDRAW, ètò tí a fi ń ya iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ni mo fi ń jẹun, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ tí a lè fi sórí Linux lóde òní. Mo mọ̀ pé wọn yóò sọ pé Inkscape, ètò ọ̀fẹ́ tó jọ ọ́, wà, mo sì gbà pé ó dára, ṣùgbọ́n fáìlì .cdr tí oníbàárà bá gbé wá kì í fìgbà gbogbo ṣí dáadáa nínú rẹ̀. Ọ̀gá tísà kì í lo Corel, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n Word ni wọ́n ń lò, ilé ẹ̀kọ́ wọn sì ń lo Word. Bí ẹ bá tẹ ìbéèrè sínú LibreOffice, èyí tí wọ́n ń lò dípò Word lórí Linux, tí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí .docx, ìlà tó yẹ kí ó parí sí ojú ìwé kìíní lè bọ́ sí ojú ìwé kejì, àtẹ ìdáhùn a yẹ̀, àwọn ìbéèrè tí ẹ tò sí òpó méjì a dà rú. Mo ń rí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń gbé wá fún mi. Àwọn ètò ìgbáradì JAMB tí àwọn ọmọ ń rà lórí fúláàṣì tàbí CD, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ .exe, ti Windows ni wọ́n. Bí Linux bá sì dà rú lálẹ́ ọjọ́ tí ìbéèrè yẹ kí ó wọlé, ta ni yóò tún un ṣe? Ní ìlú tiwa níbí, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n gba ESU tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ, kí wọ́n dúró sórí Windows 10, kí wọ́n sì máa fowó pamọ́ fún ẹ̀rọ ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Microsoft sọ pé Defender pàápàá yóò ṣì máa rí ìmọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì tuntun gbà lórí Windows 10, ó kéré tán títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2028.

Àdùkẹ́ Peckham

Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa Defender, bọ̀dá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé ìyẹn tó. Defender ń dá fáírọ́ọ̀sì tó bá mọ̀ dúró. Kò lè dí ihò tó bá wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù Kẹwàá ọdún 2026, bí wọ́n bá rí ihò tuntun kan, ṣíṣí ni yóò wà lórí gbogbo Windows 10 inú ilé tó bá ṣì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni wa láti Ìlọrin, mo ní láti dá ọ̀rọ̀ yín padà, nítorí ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò sọ ìṣọ́ra nù. Linux ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ orí ìkànnì Linux Mint gan-an, wọ́n sì darí àwọn tó fẹ́ gba ẹ̀dà 17.3 Cinnamon sí ISO tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ kan nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ó tọpa rẹ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan ti fọgbọ́n tì sínú xz, ètò kékeré kan tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò. Kò tíì dé inú àwọn ẹ̀dà tí ará ilé ń lò, irú Mint, kí ọwọ́ tó bà á, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀gá tísà, bí ẹ bá gba ISO yẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó. Ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tó wà, ẹ tẹ certutil -hashfile, lẹ́yìn náà orúkọ fáìlì náà, lẹ́yìn náà SHA256. Lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn ni yóò gbé jáde. Ẹ fi wé èyí tó wà nínú fáìlì sha256sum.txt lórí ìkànnì Mint. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ pa ISO náà rẹ́.

Màmá Ìbejì Òṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àlàyé. Ó wù mí kí ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó tísà ṣáájú ìsinsìnyí, nítorí owó ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí fáírọ́ọ̀sì ti dé, a kò mọ ohun mìíràn tó lè bá a wọlé. Kí ìyàwó wa mú fóònù rẹ̀, kí ó má fi láptọ́ọ̀pù náà ṣe é, kí ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì rẹ̀ àti ti ímeèlì rẹ̀ padà láti orí fóònù náà. Ti ímeèlì ni kí ó kọ́kọ́ yí, nítorí ẹni tó bá gba ímeèlì yóò fi gba gbogbo ìyókù. Kí ó wá pa gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú búráúsà láptọ́ọ̀pù rẹ́, kí ó sì yan pé kí gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọ àkáǹtì Google rẹ̀ jáde, àfi fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Windows àti Linux tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n jí lówó, kò sí ẹni tó gba inú ihò kankan wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n pè wọ́n ni, wọ́n ní báńkì ló ń pè, wọ́n ní kí wọ́n ka nọ́ńbà OTP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn. Tàbí kí ojú ìwé kan bo gbogbo kọ̀ǹpútà, kí ó máa han gooro pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, kí wọ́n pe nọ́ńbà báyìí-báyìí. Microsoft kì í fi nọ́ńbà tẹlifóònù sínú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn ọmọ tẹ Alt àti F4 pọ̀, bí kò bá sì lọ, kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Bí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ojú ìwé olè, Linux kò lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ tún ya àkáǹtì àwọn ọmọ sọ́tọ̀ lórí ẹ̀rọ náà, Standard ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí ó má jẹ́ Administrator. Àwọn ètò tí wọ́n fi ń rẹ́ géèmù jẹ ni èmi ń bẹ̀rù jù nínú ilé tó ní ọ̀dọ́. Kò sí ohun tí wọn kò lè dì sínú rẹ̀.

Tísà Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá, àti gbogbo ẹ̀yin tó dá sí i. Attrib yẹn ṣiṣẹ́, gbogbo ìbéèrè mi ló jáde, Defender sì rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú ẹ̀rọ, ó ti yọ ọ́. Ìyàwó mi ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà láti orí fóònù. A ti wọ ESU, kò gba owó kankan.

Mo gbé Mint sórí fúláàṣì, mo sì yẹ nọ́ńbà gígùn yẹn wò, ó bára mu. Wi-Fi ṣiṣẹ́, ohùn jáde, ìwé ọjà ìyàwó mi ṣí láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ Onítẹ̀wé náà sì ṣẹ lórí ìwé ìdánwò mi kan: òpó méjì tí mo tò yẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin di márùn-ún. Ètò JAMB àwọn ọmọ kò ṣí rárá. Ṣé ọ̀nà wà tí méjèèjì fi lè jọ gbé inú ẹ̀rọ kan náà, kí Windows wà fún àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, kí a sì máa fi Mint wọ íntánẹ́ẹ̀tì àti báńkì?

Alákọ̀wé Ifẹ̀

Ó wà, sà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ẹ ṣe é. Mo gbà pẹ̀lú Onítẹ̀wé lórí ọ̀rọ̀ .docx tí a tò sí òpó. Ohun tó dín in kù fún èmi ni pé mo máa ń fi PDF ránṣẹ́ bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe mọ́, mo sì máa ń lo fọ́ńtì Carlito níbi tí Calibri bá ti wà àti Liberation Serif níbi tí Times New Roman bá ti wà, nítorí ìwọ̀n lẹ́tà wọn bára mu. Fún ìbéèrè ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ yóò tún fọwọ́ kàn, ẹ fi Word sílẹ̀ fún un.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ da gbogbo fáìlì yín kọ sí háàdì dísìkì ìta, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Nínú Windows, ẹ ṣí Disk Management, ẹ tẹ C, ẹ yan Shrink Volume, kí ẹ sì dín 100GB kúrò. Lọ sí Power Options, kí ẹ pa Fast startup, nítorí bí ó bá wà níbẹ̀, Windows kì í kú tán nígbà tí ẹ bá pa á, Mint kò sì ní lè kọ nǹkan sí ara dísìkì rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá ń fi Mint sí i, ẹ yan Install alongside. Ẹ má yan Erase disk láéláé. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, yóò bi yín èwo ni ẹ fẹ́.

Àdùkẹ́ Peckham

Mo fẹ́ fi ohun kan ṣíwájú Shrink Volume. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá BitLocker tàbí Device encryption, ètò tó ń ti gbogbo dísìkì pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, wà ní títàn lórí ẹ̀rọ yín, nítorí àwọn tòkunbọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ wá máa ń ní in. Bí ó bá wà, ẹ pa á kí ẹ sì dúró kí ó parí, tàbí kí ẹ kọ nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn rẹ̀ tó jẹ́ díjíìtì 48 sínú ìwé. Bí ẹ bá yí ètò ìbẹ̀rẹ̀ padà láìní nọ́ńbà yẹn, Windows lè béèrè rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni, títí kan Microsoft, tó lè fún yín ní òmíràn.

Ẹńjiníà Ìkẹjà

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ẹ sì rí i pé ìnfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí kí ẹ tó tẹ Shrink, nítorí bátìrì tòkunbọ̀ kì í pẹ́ kú, bí ẹ̀rọ bá sì kú níbi tí ó ti ń pín dísìkì, fáìlì yín lè sọnù. Bí owó bá sì jáde, ẹ pààrọ̀ dísìkì tó ń yí yẹn sí SSD, irú dísìkì tí kì í yí, kí ẹ tó ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ti RAM lọ, lórí Windows àti lórí Mint.

Bí ẹ bá parí, tí ẹ wọ Windows tí ẹ sì rí i pé aago fi wákàtí kan sẹ́yìn, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Linux ló gbé aago inú ẹ̀rọ sí ti àgbáyé, Windows sì kà á bíi pé ti Nàìjíríà ni. Ẹ padà sínú Mint, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ èyí:

timedatectl set-local-rtc 1

Yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún aago Windows ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò ní yẹ̀ mọ́.